Ẹnu Àbúrò Mi Kì Í Ṣe Àwo Sàárà

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí, mi ò ní purọ́. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù, pé olùkọ́ ni mí, pé kò yẹ kí ẹnu mi mú tó bẹ́ẹ̀. Sùúrù tí mo ní, mo ti lò ó tán sórí eyín àbúrò mi.

Ọmọ ìyá mi ọkùnrin ni, ọdún mẹ́jọ ni mo fi jù ú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni ara rẹ̀ kì í ti í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ká kò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, ọ̀rọ̀ tó bá sì fẹ́ sọ á há sí i lọ́fun. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í gbọ́. Bí ẹnì kan bá dápàárá nínú agboolé wa ní Ṣakí, òun ló máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Tó bá fẹ́ nǹkan, á gbójú sókè wo àjà. Tí kò bá fẹ́, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá lè dúró ìṣẹ́jú kan péré á bá a sọ̀rọ̀ tẹ́rùn.

Màmá wa ló ń tọ́jú rẹ̀. Láràárọ̀, á gbé orí rẹ̀ lé itan, á rún pákò títí á fi rọ̀, á fi fọ eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa bá a ṣeré bó ti ń fọ̀ ọ́. Màmá kú, mo kó padà sí agboolé wa, ìtọ́jú rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ọjọ́ kìíní tí mo tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín rẹ̀ dé mọ́ mi níka. Kò mọ̀ọ́mọ̀, nǹkan tó bá ti kàn án nínú ẹnu, àgbọ̀n rẹ̀ á kàn pàdé ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi di ìka náà. Láti ọjọ́ yẹn, mo sọ ọ́ di omi iyọ̀. Mo ń bù ú sí i lẹ́nu, mo ń ní kó tu ú dànù, mo ń nu eyín iwájú tí àwọn èèyàn ń rí, mo sì ń pe ara mi ní olùtọ́jú. Ẹjọ́ tèmi nìyẹn, mi ò yọ ara mi sílẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún tó kọjá ló kọ oúnjẹ. Tí mo bá gbé ṣíbí dé ẹnu rẹ̀, á jẹ ẹ̀ẹ̀kan, á figbe ta, á tu ú sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì lu ògiri, gbì, gbì, gbì, títí ojú rẹ̀ fi wú. Gbogbo agboolé di oníṣègùn. Ẹnì kan ní orí rẹ̀ ló dàrú. Ẹnì kan ní òkú ìyá wa ló ń pè é. Àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ olórí agboolé, ní kí a fi aṣọ dì í mọ́ àga kó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe. A dì í. Èmi gan-an ni mo so aṣọ náà. Ó ń wò mí, omi ń dà lójú rẹ̀, mo sì ń sọ fún un pé ara rẹ̀ á balẹ̀.

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ kò tilẹ̀ dìde nídìí tábìlì. Ó bi mí pé láti ìgbà wo ni wèrè ti ń ṣe é. Mo ní kò ya wèrè, pé ara rẹ̀ ni kò gbà fún un, pé ó dà bíi pé nǹkan ń dùn ún lójú tàbí létí. Ó ní irú wọn kì í mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Irú wọn, ẹ gbọ́ ná. Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó mú un sùn fún ọjọ́ kan àtààbọ̀. Ó jí, ó tún padà sídìí ògiri. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó ní kó la ẹnu.

Olùkọ́ ẹgbẹ́ mi kan níléèwé ló là mí lójú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ọmọ òun náà ṣe nígbà tí eyín ń dùn ún tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe délé lọ́sàn-án, mo fi aṣọ wé ìdí ṣíbí, mo fi há a lẹ́nu, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Eyín inú lápá òsì ti dúdú, ó ti dá lu bí igi tí ikán jẹ. Ìdí wọn wú, ó ń ṣe ọyún, òórùn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ kò ṣeé sọ. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Ọkùnrin tí eyín ń pa lọ ni a fi aṣọ dì mọ́ àga bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu.

Ilé ìwòsàn tí dókítà eyín wà jìnnà sí wa. Ní gáréèjì, obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tó rí i pé itọ́ ń dà lẹ́nu àbúrò mi, ó ní òun ò lè jókòó tì í. Dírẹ́bà ní kí a dúró de ọkọ̀ mìíràn. Mo sọ fún un pé ọkọ̀ yìí ni a ó wọ̀, pé tí kò bá fẹ́ wa, kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wa jù sílẹ̀. Kò gbé wa jù sílẹ̀. A kọjá Àgọ́-Àrẹ, a kọjá Okaka, orí rẹ̀ wà léjìká mi, bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò báyìí, á kérora.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ rí wa. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó kí àbúrò mi kó tó kí mi. Ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó wá bi mí pé kí ló ń jẹ. Mo ka oúnjẹ ilé fún un: ẹ̀kọ, iṣu, ẹ̀wà, ẹja. Ó ní ṣúgà ńkọ́. Mo ti fẹ́ sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi, ó dúró, nítorí mo rántí ọjọ́ Jímọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí a ń ṣe lágboolé wa. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́, ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò, ààfáà á ní kó lọ fi ohun dídùn ṣe sàárà fún ẹni tí kò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn. Ta ló sì kù tí kò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn ládùúgbò bí kò ṣe ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n ti ń dá ẹ̀ṣẹ̀? Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, a ó gbé àbúrò mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí dé: ṣúgà oníhóró, oyin, dàbínù, súwíìtì. Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò lè mú nǹkan, ẹnu ni wọ́n ń fi í sí tààrà. Àwọn Kírísítẹ́nì inú wa náà kò gbẹ́yìn. Tí wọ́n bá ṣe ọjọ́ ìbí, bisikíìtì rẹ̀ ń bẹ lọ́tọ̀. Wọ́n á fọwọ́ kàn án lórí, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á máa lọ. Ṣúgà á wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Gbogbo àdúrà wọn ni mo sì ń ṣe àmín sí. Iṣẹ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n bímọ, wọ́n kọ́lé. Eyín àbúrò mi ni wọ́n fi ń ra àlùjánnà, èmi sì ni mo ń jókòó tì wọ́n lọ́jà.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, nọ́ọ̀sì náà mi orí. Dókítà wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ń kánjú. Ó ka eyín, ó ní mẹ́tàlélógún ló kù, pé mẹ́rin ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, pé a lè dí mẹ́ta, pé kò sí ohun tó ṣe àwọn yòókù. Mo ti ń dúpẹ́ nínú kó tó tẹ̀ síwájú.

Ó ní, “Gbogbo ẹ̀ ni ká kúkú yọ lẹ́ẹ̀kan, mà. Kí ló fẹ́ fi eyín ṣe? Ẹ ó máa fún un ní ẹ̀kọ mímu, kò sì ní lè bù yín jẹ.”

Ó na ìwé sí mi kí n fọwọ́ sí i. Mo gba bírò. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé mo gba bírò. Mo ń ro ọ̀nà tí a gbà wá, mo ń ro ìka mi, mo ń ro àràárọ̀ tí mi ò ní í máa bá a jà kí n tó lọ síléèwé. Eyín mọ́kàndínlógún ni mo fẹ́ fi ra ìsinmi fún ara mi, eyín tí ó fi ń jẹ àgbàdo sísun lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, tí ó fi ń fa ẹran ya bí ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì yẹn ló rọra bi mí pé ṣé mo ti bi í.

Mi ò tíì bi í. Mo gbójú sókè, àbúrò mi ti yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yí i débi tí ọrùn rẹ̀ lè yí dé. Láti ìgbà tí dókítà ti sọ̀rọ̀ ló ti ń dá a lóhùn, kò sẹ́ni tó wò ó. Dókítà ní ṣé ó mọ ohun tí a ń sọ ni. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí ara mi, mo sì kó méjèèjì lé e lórí.

Mo ní, “Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, dókítà. Òun ló ni ẹnu ẹ̀. Ẹ bi í.”

Kí n má parọ́ mọ́ dókítà náà, ojú tì í. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó wo àbúrò mi lójú, ó bi í, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ṣé kí àwọn yọ gbogbo rẹ̀. Ojú kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní mẹ́rin tó ń dùn yín nìkan ńkọ́. Àbúrò mi gbójú wo àjà, ó gbé e sókè títí a fi ń rí funfun ojú rẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n yọ. Wọ́n dí mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì náà kọ́ mi kí a tó kúrò. Kí n má máa dúró níwájú rẹ̀ mọ́. Kí n wà lẹ́yìn, kí n gbé orí rẹ̀ sí àyà mi. Kí n fi aṣọ wé igi kan, kó fi eyín apá kan mú un, kí n máa fọ apá kejì. Kí ọṣẹ ìfọyín má ju hóró ẹ̀wà kan lọ kó má baà há a lọ́fun. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìdajì wákàtí láti kọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógójì, kò sí òṣìṣẹ́ ìlera kan tó ti sọ ọ́ fún wa rí, bẹ́ẹ̀ gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ gún un ni wọ́n gún.

Mo délé, mo sọ pé ohun dídùn ti parí. Ẹ ò bá rí ìjà. Ìyàwó ilé kan tó ń wá ọmọ ní ààfáà ní kí òun ṣe é ní Jímọ̀ méje, pé ó ku méjì, pé ṣé èmi ni mo fẹ́ dí òun lọ́nà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní ṣe bíi pé kò ṣe mí. Ṣùgbọ́n ìyàwó yìí máa ń kúnlẹ̀ kí ọmọ ọdún méje tó bá nílé ọkọ rẹ̀. Kò kúnlẹ̀ kí àbúrò mi rí. Olórí agboolé ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí ni eyín mélòó kan nínú oore gbogbo ilé, pé kí n jẹ́ kí wọ́n máa fún un níwọ̀nba.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Baba, nígbà tí wọ́n yọ eyín yín kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ń kí yín. Mẹ́rin ni wọ́n yọ lẹ́nu tiẹ̀, ta ló kí i?”

Mo wá sọ fún gbogbo wọn pé mi ò lé ẹnikẹ́ni, pé ìlẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe sàárà, kó sun àgbàdo wá, kó dín ẹja, kó se ẹran, eyín ń bẹ tí yóò fi jẹ ẹ́. Ẹni tí kò bá ní, kó wá jókòó kó dá àpárá kan fún un.

Ìsinmi iléèwé ni, nítorí náà mo wà nílé ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo fọ eyín rẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ mi, mo wọ̀ ọ́ ní aṣọ tó mọ́, mo gbé àga rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn èèyàn jáde láti mọ́ṣáláṣí. Àwọn kan kí mi lókèèrè. Àwọn kan tí kì í gba ẹ̀yìn ilé tẹ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé. Ìyàwó yẹn kọjá pẹ̀lú nǹkan nínú ọ̀rá dúdú, ó ń lọ sọ́nà ilé afọ́jú kan tó wà nísàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá ti dún báyìí, àbúrò mi á gbé orí sókè, á rẹ́rìn-ín sílẹ̀ dè é.

Títí wọ́n fi kí ìrun alásàárì tán, kò sẹ́ni tó yà. Mo lóṣòó síwájú rẹ̀, mo bi í pé ṣé kí n gbé e wọlé. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì tún padà ń wo ọ̀nà.