Òkun Tí Kò Yọ Nínú Fọ́tò

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Agége, kí a tó gba òmìnira, òórùn obì ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá mi á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣa gbànja tó ti bàjẹ́ kúrò nínú èyí tó dára, á máa fi ewé tútù wé e sínú apẹ̀rẹ̀ fún àwọn Háúsá tó ń fi rélùwéè kó o lọ sókè Ọya. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí mi ò kì í jẹ obì. Ó ti sú mi láti ìgbà yẹn.

Ìyá mi nìkan ló ń tọ́ mi. Bàbá mi ti bá ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó lọ nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi, ó ń bá wọn fọ ìkòkò ní kíṣíìnì. Ìròyìn tó padà wálé ni pé ọkọ̀ náà rì. Kò sí òkú, kò sí sàréè. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé bàbá mi kò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, bí baálé ilé bá kú, àwòrán rẹ̀ ni wọ́n á gbé kọ́ sí pálọ̀ kí àlejò lè mọ ẹni tó ni ilé. Ògiri tiwa ṣófo. Àwọn ẹbí bàbá mi á wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á wo ògiri, wọ́n á wo èmi náà, wọ́n á ní, "Ta wá ni ká sọ pé ọmọ yìí jọ?" Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dun ìyá mi dé egungun.

Lọ́jọ́ kan ó fi obì sílẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ onífọ́tò àdúgbò wa lọ, mo sì tẹ̀lé e. Kò tilẹ̀ jókòó tó fi sọ ọ́.

"Ẹ bá mi ya òkun. Ibẹ̀ ni ọkọ mi wà. Bí mi ò bá rí ojú rẹ̀ gbé kọ́, màá gbé ibi tó sùn sí kọ́."

Onífọ́tò ní, "Ìyá olóbì, èèyàn là ń yà. Ta ló ń ya omi lásán?"

"Ẹ ṣáà jẹ́ ká lọ."

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ ọkùnrin yìí ṣe rí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kò sí àwọ̀ nínú fọ́tò nígbà náà, dúdú àti funfun ni. Bí ìmọ́lẹ̀ tó wọ kámẹ́rà bá kéré, ojú àwa aláwọ̀ dúdú á dà bí ìdí ìkòkò, oníbàárà á sì yarí: "Èmi kọ́ nìyí o! Ṣé bí mo ṣe dúdú tó nìyí?" Onífọ́tò wa ti wá fi kọ́ra, ó máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa. Ojú gbogbo ará Agége ló ń mọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀.

Rélùwéè la wọ̀ dé Ìdó, a wá fẹsẹ̀ gba orí afárá wọ Èkó. Bí onífọ́tò ṣe fojú kan àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú dé kọ́, ó dúró gbọin. Ó gbé kámẹ́rà lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀: "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn! Ẹ wo òdòdó tí wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe sórí fèrèsé!" Ó ya ọ̀kan, ó tún rí òmíràn. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo ti ń sunkún. Ìyá mi jókòó sẹ́bàá ọ̀nà.

"Onífọ́tò, ṣé ilé la bá wá ni? Oòrùn ń lọ o!"

"Ẹ ṣe sùúrù, ìyá olóbì. Wọ́n á wó àwọn ilé yìí lọ́jọ́ kan."

Ó dáa, a dé etí òkun. Mi ò rí i rí, ìyá mi náà kò rí i rí. Ó bọ́ bàtà, ó rìn títí omi fi kàn án lẹ́sẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bàbá ọmọ mi." Onífọ́tò kọjú sí ibòmíràn. Nígbà tó yá, ó ní òun kò lè gbé fọ́tò tí kò ní ojú èèyàn jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun, wọ́n á ní orí òun ti yí. Ó ní kí èmi àti ìyá mi dúró síwájú omi náà. Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ìgbì sì ń hó lẹ́yìn wa.

Nígbà tí a lọ gba fọ́tò, ilé àwọn Àgùdà ló kọ́kọ́ fi hàn wá. Ó yọ kedere, òdòdó ara rẹ̀ ò sì farasin. Ó wá mú tiwa jáde. Ojú wa mọ́ rekete, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi ṣeé kà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wa funfun báláú. Kò sí omi, kò sí ìgbì, àfi bí ẹni sá aṣọ funfun sẹ́yìn wa.

"Òkun dà?" ni ìyá mi bi í.

Onífọ́tò káwọ́ lérí. Ó ní, "Háà! Ojú yín ni mo rò. Mi ò fẹ́ kí ojú yín dúdú." Ìmọ́lẹ̀ tó fi ṣàánú wa ló pa òkun rẹ́. Ó bẹ̀bẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ó nawọ́ sí kọ́tínnì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èyí tí wọ́n kun òkun àti ọkọ̀ ńlá sí lára, ó ní òun á yà wá síwájú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá mi ní, "Ọkọ̀ ara kọ́tínnì yẹn kò rì rí. Kì í ṣe òun ló gbé ọkọ mi lọ."

Ilé ló dé kó tó sunkún, lórí apẹ̀rẹ̀ obì. Onífọ́tò ti búra pé a máa padà lọ sétí òkun. Ká tó lọ, ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní Ìkejà, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní fọ́tò kékeré tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ káàdì. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ìyá mi bá yọjú, á ní, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i." Nígbà tó yá, ìyá mi kò lọ mọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́, èmi ọmọdé gan-an rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ó gbé fọ́tò náà kọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹbí bàbá mi tún dé, tí wọ́n ní àwòrán ọkọ rẹ̀ dà, ó nawọ́ sí ibi tó funfun yẹn, ó ní, "Òun ló wà lẹ́yìn wa yẹn." Àwọn kan pòṣé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló dìde, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere." Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi wá mọ́ pé ta ni mo jọ.

Ìyá mi náà ti lọ. Wọ́n gé àwọn igi obì tó yí Agége ká, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ sí ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ náà sì ti kógbá sílé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí wá ń ya fọ́tò oúnjẹ kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ọmọ ọmọ mi kan, tó mọ ìtàn yìí, fi mọ́tò gbé mi lọ láìpẹ́ yìí kó lè fi fóònù ya òkun náà fún mi, kí ọkàn ìyá mi lè balẹ̀. A dé ibẹ̀. Títì ọlọ́dà ni mo rí lórí ilẹ̀, ilé gíga onígíláàsì sì wà káàkiri.

Mo ní, "Òkun dà?"

Ó ní, "Màmá, wọ́n ti fi iyanrìn tì í sẹ́yìn."

Ó ní ká wa mọ́tò síwájú sí i, bóyá a ó rí i. Mo ní kó gbé mi lọ sílé, ó ti rẹ̀ mí.

Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri mi. Àwọn ọmọdé máa ń bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Mi ò lágbára àtimáa ṣàlàyé kámẹ́rà àti ìmọ́lẹ̀ mọ́. Mo kàn máa ń nawọ́ sí i ni, màá ní, "Bàbá mi nìyẹn."