Zùwáírátù Kọ̀ Láti Fi Kọ̀ǹpútà Sílẹ̀ Láìṣọ́

Ọmọ Òkè-Àdó ni Zùwáírátù. Bàbá rẹ̀ ń tún rédíò ṣe, ìyá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Nígbà tó jáde ní Poli, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ring Road gbà á pé kó máa tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Àwọn ẹ̀rọ tó bá níbẹ̀ ti gbó, kòkòrò tó ń ba fáìlì jẹ́, tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, ti wọ̀ wọ́n. Ó kó fáìlì àwọn aláìsàn pamọ́, ó nu ẹ̀rọ mọ́, ó wá fi Línúùsì, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí wọn.

Línúùsì a máa lọ gba àtúnṣe fúnra rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́pdéètì, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí èrò kún fọ́fọ́, ẹ̀rọ tí fáìlì wà nínú rẹ̀ gba àtúnṣe tán, ló bá pa ara rẹ̀ kó lè tún ara rẹ̀ tàn. Gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù tó ń gba fáìlì lọ́dọ̀ rẹ̀ dúró gbagidi. Aboyún kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Dókítà Olúgbádé tó ni ilé ìwòsàn náà ń wá èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò rí i. Èsì padà jáde, nǹkan kan ò ṣe aboyún, ṣùgbọ́n Dókítà ti jágbe mọ́ Zùwáírátù:

"Pa nǹkan yẹn! Mi ò fẹ́ ọ́pdéètì kankan mọ́ láéláé."

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mi ò yan àkókò fún un, mo máa yàn án lónìí. Ṣùgbọ́n n ò ní pa á."

"O ò ní kí ni?"

"N ò ní pa á, sà. Àtúnṣe yẹn ló ń dí ihò tí àwọn olè ń gbà wọlé. Àìsàn tí àwọn mìíràn ò lè sọ fún ọkọ wọn wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Bí ilẹ̀kùn yàrá oògùn bá ń dún jù, ṣé ẹ máa yọ ọ́ dànù ni?"

Dókítà ránṣẹ́ pe Abdulmojeed, atúnkọ̀ǹpútàṣe kan ní Mọ́kọ́lá. Ìyẹn dé, ó ní kí Zùwáírátù fún òun ní páásíwọ̀ọ̀dù. Zùwáírátù káwọ́ gbera.

"Mi ò fún un. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ kọ́kọ́ lé mi lọ."

Abdulmojeed ní òun ò ní fipá já wọlé, ó gbé báàgì rẹ̀. Dókítà nawọ́ sí ilẹ̀kùn: "Máa lọ sílé."

Nílé, ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. "Lọ tọrọ àforíjì, ọmọ mi. Ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́."

"Màámi, mo ti bẹ̀ wọ́n lórí èyí tí mo ṣe. Èyí tí mi ò ṣe, n ò ní bẹ̀bẹ̀ fún un."

Lọ́jọ́ kejì, orí bẹ́ńṣì àwọn aláìsàn ni Dókítà bá a.

"Ṣé mo ní kí o wá ni?"

"Rárá, sà. Nítorí àwọn aláìsàn ni mo ṣe wá. Ẹ jẹ́ kí n ṣètò àkókò àtúnṣe náà lójú yín. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gba iṣẹ́ yín."

Kí Dókítà tó fèsì, Mètírọ́ọ̀nù Wùnmí, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ti sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀: "Dókítà, ẹ jẹ́ ó ṣe é. Fáìlì tèmi náà wà níbẹ̀."

Dókítà fa àga, ó jókòó.

Zùwáírátù pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kìkì àtúnṣe tó ń dí ihò ni kó máa gbà, ní ìdájí, kí èrò tó dé, kó má sì tún ara rẹ̀ tàn àfi bí òun bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ máa dán àtúnṣe wò, kó tó kan ti fáìlì.

Láti ìgbà náà, àtúnṣe ń wọlé, ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀. Dókítà ò sọ ọ́ rí pé Zùwáírátù jàre. Ó kàn máa ń yọjú nígbà mìíràn:

"Ẹ̀rọ rẹ ò ní sùn lónìí, àbí?"

"Kò tó bẹ́ẹ̀, sà. Ó di ìgbà tí mo bá ní kó sùn."