Ohùn Ìyá Àgbà Nínú Kọ̀ǹpútà Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá bá mi, ó ní ó ń gbóná jù, ó sì ń kùn bí oyin. Mo tú ìdí rẹ̀. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, òórùn eruku tí iná ti yan fẹ́ sí mi nímú, mo sì rọra jókòó. Òórùn yẹn gbé mi padà sí agbo ilé wa ní Treichville, ní Abidjan, níbi tí àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ sí débi pé ewúrẹ́ aládùúgbò pàápàá, Yorùbá la fi ń lé e kó tó lọ. Ó tún gbé mi padà sọ́dọ̀ ẹni tó dalẹ̀ mi.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí fún yín. Láyé ìgbà náà, kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé sáyà sùn. Ti wa jẹ́ àlòkù tó bá ọkọ̀ ojú omi dé, irú èyí tí gbogbo Abidjan ń pè ní France au revoir. Bàbá mi, tí wọ́n ń ta aṣọ ní Adjamé, gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀. Ìyá mi sì fi àjẹkù léèsì rán ẹ̀wù fún un. Ó wọṣọ ju àwa ọmọ lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi àti Ràṣídì, ọ̀rẹ́ mi tí yàrá ìyá rẹ̀ kọjú sí tiwa, a ó bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀, a ó tú u, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ tàn, a ó yọ pátákó kékeré tó léyín wúrà, a ó fi rọ́bà ilé ẹ̀kọ́ nu eyín náà títí yóò fi dán, a ó dá a padà. Ọwọ́ Ràṣídì fúyẹ́ ju tèmi lọ.

Nínú ẹ̀rọ yẹn ni ohùn Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, wà. Bàbá mi ló gbà á sílẹ̀, nítorí Faransé ti ń gbé ahọ́n wa lọ: à ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fèsì, Faransé ló ń ṣáájú jáde. Ìyá Àgbà jókòó ti ẹ̀rọ náà, wọ́n ń pariwo sí i bí ẹni ń bá àlejò elétí dídi sọ̀rọ̀, wọ́n sì ki gbogbo ọmọ agbo ilé lóríkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí Ràṣídì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi oríkì pè é. “Àjàó, wá níbí. Ta ló sọ fún ọ pé ìwọ kì í ṣe ọmọ mi?” Wọ́n ki òun náà. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n fi ayé sílẹ̀. Bí àárò wọn bá sọ wá, a ó tan ẹ̀rọ.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Ràṣídì ní òun yóò wò ó. Lọ́dọ̀ wa, a kì í dúró lé ọmọ ìlú ẹni lórí bó bá ń báni ṣiṣẹ́; ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pè é lólè láìlanu. Bí mo ṣe fẹ́ fa àpótí mọ́ ọn, bàbá mi ṣẹ́jú sí mi. Mo jáde. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń súfèé nínú ilé.

Ó jáde pẹ̀lú disque dur lọ́wọ́, irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ ń kó gbogbo ohun tó bá gbọ́ pamọ́ sí. “Baba, ó ti kú. C'est gâté.” Ó ń sunkún. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ wò. Bàbá mi ló tún rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ìyá mi bu oúnjẹ fún un. A ṣọ̀fọ̀ Ìyá Àgbà lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Ràṣídì to kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jọ, ó ṣí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣe géèmù ní Abobo Gare. Mo lọ bá a yọ̀. Nígbà tó lọ ra oúnjẹ àlejò fún mi, mo ní kí n bá a gbá eruku inú ẹ̀rọ rẹ̀. Disque dur wa ni mo rí. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí a tú ẹ̀rọ, ìyá mi ti fi ọ̀dà èékánná pupa sàmì sí i, bí wọ́n ṣe ń sàmì sí ìkòkò wọn kó má baà bá ti àwọn obìnrin agbo ilé rìn.

Ó dé, ó dúró pẹ̀lú abọ́ attiéké lọ́wọ́.

“Ohùn Ìyá Àgbà ńkọ́?”

“Mo ti pa á rẹ́. Àyè ò tó fún géèmù.”

“Kò dùn ọ́?”

Ó gbé abọ́ kalẹ̀. “Mo kọ́kọ́ gbọ́ oríkì tèmi tán.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì jáde lára mi. Olè tí kò mọ iyì ohun tó jí, ènìyàn lè ṣàánú rẹ̀. Èyí gbọ́ tirẹ̀ dópin, kó tó nawọ́ pa tiwa rẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ń gba ohùn òbí yín sínú fóònù, ẹ sì ń pín in kiri. Bí ọ̀kan bá sọnù, òmíràn wà lọ́wọ́ àbúrò yín ní Bouaké. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ránṣọ fún kọ̀ǹpútà mọ́, ṣùgbọ́n eruku ṣì ń wọ inú rẹ̀, ó sì ṣì ń fẹ́ ọwọ́ onísùúrù. Èmi, bí ẹnikẹ́ni bá ń tú tèmi, màá fa àpótí mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá mi.

Bí inú mi bá dùn sí àbíkẹ́yìn mi, mo máa ń fi oríkì ilé wa kì í. Mo mọ ìbẹ̀rẹ̀, mo mọ àárín. Ibi tí Ìyá Àgbà ti máa ń fa ohùn gùn, tí omi fi ń bọ́ lójú bàbá mi, ibẹ̀ ni mo ti ń dákẹ́. Ọmọ náà rò pé ibẹ̀ ló parí sí.