Tẹ́mósítáàtì tí mo fi ba ọ̀rẹ́ mi lórúkọ jẹ́

Igi dóńgóyárò kan wà lójú ọ̀nà Tẹ̀dé, ní Ṣakí níbí, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti dúdú nítorí ọ́ìlì ọkọ̀ tó ń dà sí i láti ọjọ́ pípẹ́. Bí o bá kọjá níbẹ̀ lọ́sàn-án nígbà náà, òórùn bẹntiróòlù àti ti rọ́bà tó jóná ni yóò kọ́kọ́ kí ọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣe mẹkáníìkì. Ilé kéwú kan náà la jọ lọ, wàláà kan náà la jọ ń fọ̀. Èmi di oníṣòwò iṣu, òun di ẹni tí gbogbo onímọ́tò àdúgbò fọkàn tán.

Ọkọ̀ tí mo fi ń kó iṣu láti Ìgbòho ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí mo bá ti kan òkè. Oníbàárà mi kan ló kó o sí mi lórí pé tẹ́mósítáàtì ni: irin kékeré tó ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná, kó tó yọ̀ǹda rẹ̀ kó lọ tutù nínú rẹdiétọ̀. Ó ní èyí tó bá ọkọ̀ wá ń pẹ́ kó tó ṣí, òmíràn wà tó ń ṣí nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń móoru. Mo ra á ní Ìbàdàn, mo gbé e lọ bá ọ̀rẹ́ mi, bí aláìsàn tó gbé oògùn lọ fún dókítà.

Ó yí i wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àwọn ẹgbẹ́ mi á ní ká yọ ti inú ẹ̀ sọ nù, pé ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ṣe é fún. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n rẹdiétọ̀ ẹ ló dí. Jẹ́ n tú u, n fọ̀ ọ́. Ẹ̀tẹ̀ lo fi sílẹ̀ yìí, tó o ń pa làpálàpá.”

Iṣu mi wà nílẹ̀ lóko, n kò ráyè ìfọ̀. Mo ní kó ṣe èyí tí mo wí, ó sì fi tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ọkọ̀ náà fara rọ, mo wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé oníṣu ti gbọ́n ju mẹkáníìkì lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo di ẹrù kún un, ẹ́ńjìnnì hó, ó kú sórí òkè, oòrùn sì ba iṣu mi jẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn: ọ̀rẹ́ mi ti yọ tuntun yẹn tà. Ṣebí gbogbo mẹkáníìkì ló ń yọ ọ́. N kò yẹ nǹkan kan wò. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí a ti kírun tán tí àwọn èèyàn ń wá bàtà wọn, mo nàka sí i níwájú mọ́ṣáláṣí, mo ní, “Ẹ má gbé mọ́tò yín fún un mọ́. Olè ni.”

Ó wò mí. “Mo fi sí i. Tú u wò.”

N kò tú u. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lábẹ́ igi náà, kí Iléyá sì tó dé, ó ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìgbẹ́tì, ó ń bá àwọn tó ń fọ́ òkúta tún ẹ̀rọ wọn ṣe.

Àgbà mẹkáníìkì kan ní Ìsẹ́yìn ló padà tú ẹ́ńjìnnì náà. Ó yọ tẹ́mósítáàtì jáde lójú mi, tuntun tèmi gan-an, ó jù ú sínú ìkòkò omi lórí iná. Ó ṣí kí omi tó hó. Ó wá gbọn rẹdiétọ̀, ẹrẹ̀ pupa sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Ó ní, “Ẹni tó bá yín ṣe é mọṣẹ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò jẹ́ kó fọ èyí?” Ojú tì mí.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìgbẹ́tì, mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹgbẹ́ mi. Ó nu ọwọ́, ó fún mi lómi, ó ní òun ti dárí jì mí. Ó wá bi mí pé, “Àwọn tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ta ló máa sọ fún wọn?”

Mo ní èmi ni. Ó ní, “Ó dáa.”

Ìgbà òjò méjì ti kọjá. Gbogbo Jímọ̀ ni mo ń múra pé òní ni, bí Ìmáàmù bá sì ti sàlámà tán, màá wá bàtà mi, màá gba ilé lọ. Lọ́jọ́ tí mo pè é lólè, n kò múra kankan. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti bà á jẹ́, kọ̀rọ̀ ni mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Mo kórìíra ara mi nítorí ìyẹn. Ní Ṣakí títí di òní, olè ni ọ̀rẹ́ mi, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé irọ́ ni.