Ọ̀rá Ara Káàdì Tuntun

Nínú pálọ̀ wa ní Iléṣà, a kì í bọ́ ọ̀rá lára ohun tuntun. Àga tí bàbá mi rà nígbà tí mo wà ní pámárì, inú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá náà ló wà títí mo fi jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Lásìkò ooru, ọ̀rá náà á lẹ̀ mọ́ ọ nítan. Tí o bá wá fẹ́ dìde, á dún fàà, gbogbo ilé á sì mọ̀ pé o ti dìde. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n náà wà nínú ọ̀rá, a fi rọ́bà so ó lẹ́nu. Àlejò kan tẹ̀ ẹ́ títí lọ́jọ́ kan, kò ṣiṣẹ́, ó ní ṣé kí òun bọ́ ọ. Màámi ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó ń gbọ́."

Aṣọ ni màámi ń tà. Léèsì àti àǹkárá wà nínú ọ̀rá láti òkè délẹ̀ nínú ìsọ̀ wọn, àwọn oníbàárà á sì máa fọwọ́ pa á lára láti ìta. Màámi máa ń ní, "Aṣọ tí ọwọ́ bá ti kàn, ó ti di àlòkù nìyẹn." Abẹ́ àtẹ ìsọ̀ yẹn ni mo ti máa ń sùn tí mo bá ti ilé ìwé dé, òórùn aṣọ tuntun á kún mi nímú. Títí dòní, tí mo bá ti gbọ́ òórùn yẹn, oorun ló ń kùn mí.

Màámi rò pé tí mo bá ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ìsọ̀ ni mò ń bọ̀. Èmi gba Òṣogbo lọ, mo lọ kọ́ṣẹ́ fídíò ní Òkè-Fìà: bí a ṣe ń gé àwòrán ìgbéyàwó àti ti ìsọmọlórúkọ, tí a ń tò ó, tí a ń forin sí i. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọkọ mi. Nígbà tí mo lóyún, mi ò lè jókòó pẹ́ mọ́, ni mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Màámi wá láti Iléṣà wá bá mi wẹ ọmọ. Ọmọ ti pé oṣù mẹ́ta, wọn ò tíì lọ, nígbà tí ọ̀gá mi obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ pè mí pé òun lè máa fún mi níṣẹ́ ṣe nílé. Ó ní kí n kọ́kọ́ ṣe fídíò ìsọmọlórúkọ kan kí òun rí i lọ́jọ́ Jímọ̀. Tí mi ò bá rí i ṣe, ẹlòmíì ti wà nílẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tí mo ní kò lè gbé fídíò náà. Tí mo bá ti ṣí i, á dúró gbagidi bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ni mo bá ra káàdì àwòrán tuntun, èyí tí wọ́n máa ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà kó lè lágbára láti gbé àwòrán jáde. Ẹ̀gbọ́n tó tà á fún mi ní, "Ìyá ọmọ, ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rá ara ẹ̀ o. Tí kò bá pé, mi ò ní gbà á padà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí jù.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo tú kọ̀ǹpútà. Màámi pọn ọmọ, wọ́n dúró tì mí. Etí káàdì náà ní àwọn eyín wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà, ọ̀rá tín-ín-rín kan sì bò wọ́n. Mo nawọ́ sí ọ̀rá náà.

"Fi í lẹ̀!" ni màámi wí. "O ò rí i pé wúrà ni? Ta ló ń fi wúrà síta fún eruku?"

Mo fi í lẹ̀. Káàdì náà kọ́kọ́ ń ṣagídí, mo tì í, ó wọlé. Mo tan kọ̀ǹpútà. Fáànù ara káàdì ń yí fìrìfìrì, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ṣé uná ò sí ni?" Tí ọkàn màámi ò bá ti balẹ̀, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ló ń jáde.

"Iná wà, màámi. Ẹ ò rí fáànù?"

"Kí ló wá dé tí ò ríran?"

Mo yọ wáyà, mo tún un kì. Dúdú. Mo yọ káàdì tuntun, mo dá kọ̀ǹpútà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Mo dá káàdì padà: dúdú. Ọmọ figbe ta, omi ọyàn ti rin aṣọ mi gbindin. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń fọ́mọ lọ́yàn, mò ń sunkún.

Màámi jókòó tì mí. "Ìsọ̀ wà níbẹ̀," wọ́n rọra wí. "Aṣọ kì í ṣókùnkùn síni lójú. O tú u, o rí i. Ọmọ yìí náà á máa sùn lábẹ́ àtẹ."

Kí n má parọ́, ó kù díẹ̀ kí n ní ó dáa. Mo pe ẹ̀gbọ́n tó tà á ná.

"Fáànù ń yí?"

"Ó ń yí."

"Wáyà ojú kọ̀ǹpútà wà lára káàdì?"

"Ibẹ̀ ló wà."

"Ẹ yọ káàdì, kí ẹ nu eyín ẹ̀."

"Ṣé kí n nu ọ̀rá ẹ̀ ni?"

"Ọ̀rá wo?"

"Èyí tó bo eyín. Ẹ̀yin lẹ ní kí n tọ́jú ẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo ní kí ẹ tọ́jú ẹ̀, mi ò ní kí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀! Báwo ló ṣe fẹ́ jẹun? Ìjẹ̀ṣà ni yín, àbí?"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ìyàwó mi náà ni. Fíríìjì wa ṣì wà nínú ọ̀rá."

Nígbà tí mo ń bó ọ̀rá náà, màámi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé ọmọbìnrin ni mò ń bọ́ sí ìhòòhò. Mo ki káàdì bọ̀ ọ́, mo tan án. Àwòrán yọ, ó mọ́ rekete. Màámi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fi etí ìró nu ojú.

Bí mo ṣe gbé ọmọ sórí itan, tí mò ń fi ọwọ́ kan gé fídíò náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo gbóhùn màámi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Aránṣọ kan tó wà nítòsí ìsọ̀ wọn ní Iléṣà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Ẹ lè máa kó máṣìn-ìn yín wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdajì tẹ́ ẹ ti ń tọrọ yẹn. Rárá, kò bọ̀ mọ́. Ó ti ríṣẹ́."

Mi ò mọ̀ rí pé wọ́n ń fi ìdajì ìsọ̀ sílẹ̀ dè mí ní gbogbo ọdún yẹn. Ọwọ́ mi dúró. Ó ṣe mí bíi kí n sáré jáde, kí n ní, "Màámi, ẹ dúró ná." Ṣùgbọ́n ọ̀la ni Jímọ̀.

Wọ́n wọlé, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì. "Gbé e wá," wọ́n ní, "ọwọ́ kan ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn."

Mo gbé ọmọ fún wọn.