Ẹlẹ́hàá Tí Mo Bá Lórí Ìlà Abẹ́rẹ́ Kòrónà

Ẹ gbà mí, ẹ̀rín fẹ́ pa mí lónìí!

Ìyá wa àgbà ti búra pé ẹnikẹ́ni nínú agboolé tó bá gba abẹ́rẹ́ kòrónà ò ní wọ pálọ̀ àwọn mọ́. Ni mo bá yọ́ jáde láàárọ̀, mo lọ gbà á ní ilé ìwòsàn tó wà ní Olówógbowó.

Mo bá ìyá kan lórí ìlà tó bojú bí ẹlẹ́hàá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn: "Ẹ kú àárọ̀ mà."

"Àjọkẹ́ mi, ṣé dáadáa lo jí?"

Haa! Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi oríkì yẹn kí mi láyé yìí!

"Màmá àgbà! Ẹ̀yin náà?"

Wọ́n já mi léèékánná. "Rọra sọ̀rọ̀ jàre! Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn Mẹ́kà, ẹni tí ò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ ò ní wọlé."

Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ni nọ́ọ̀sì yọjú: "Alhaja, ẹ káàbọ̀ o. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yín la fẹ́ gún lónìí, àbí?"

Ẹlẹ́ẹ̀kejì kẹ̀! Èmi tí mò ń sá fún wọn ò tíì gba àkọ́kọ́!

Wọ́n ní kí n búra pé mi ò ní sọ ọ́ nílé. Mo búra.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dá mi lóhùn: ṣé orí Fésíbúùkù náà ń jẹ́ ilé ni?