Ẹni Tí Kò Bá Dáhùn

Ní ọdún tí àwọn olè ń gé aṣọ wa lórí òfì ní Ìsẹ́yìn, èmi ni mo pe àwọn ọkùnrin àdúgbò jọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé kí a máa ṣọ́ ilé ara wa. Èmi náà ni mo ṣòfin: ẹni tí a bá bi léèrè tí kò bá dáhùn, olè ni.

Bàbá àgbà kan ní, “Adití ńkọ́?”

“Adití àdúgbò wa, ta ni kò mọ̀ ọ́n?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo gbọ́n. Mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan wà ní agboolé wa. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ, Ìyàwó la ṣì ń pè é. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti di ìyá ẹni kan, ìyá ẹni méjì. Òun kò tíì ní ọmọ tí a ó fi pè é.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, a fẹ́ túká lọ kírun Àsùbáà, ni mo rí i tó ń ti odò bọ̀, ìkòkò lórí. Kí n má parọ́, mo mọ ìrìn rẹ̀.

“Ta nìyẹn?”

Kò fọhùn. Ó fi ìka kan ètè.

Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, “Àbí òfin ò kan ará ilé yín ni?”

Ojú tì mí. Mo na kùmọ̀ dí ọ̀nà. “Dáhùn, àbí ká sọ ẹ́ mọ́lẹ̀.”

“Èmi ni, ọkọ mi.”

Ó rọra sọ ìkòkò kalẹ̀, ó da omi náà sílẹ̀, ó sì wọlé.

Ìgbà náà ló tó yé mi. Ta ni kò mọ omi àìfọhùn nílùú wa, tí ẹni tó pọn ọ́n kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí yóò fi délé, kó má baà bàjẹ́? Ìyá tèmi pọn ọ́n rí. Ọjọ́ méje ni obìnrin náà fẹ́ fi pọn ọ́n láti fi se àgbo àtirọ́mọ bí, ọkọ rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọjọ́ keje nìyẹn.

Mo gbé obì lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó tún un bẹ̀rẹ̀, n ó sọ fún gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò kí wọ́n yà fún un lọ́nà.

“Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Bí gbogbo àdúgbò bá ti mọ ibi tí mò ń lọ, kí ni mo tún ń dákẹ́ fún?”

Kò lọ mọ́, kò sì bímọ. N ò lè sọ pé omi ni ì bá fún un lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́fà ló fi pa ẹnu rẹ̀ mọ́, èmi ni mo fi kùmọ̀ là á.